Orúnkún Erin

"Bàbá àgbà, ẹsẹ̀ erin yìí ti di márùn-ún o."

Ọ̀bẹ dúró lórí igbá. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ìró rẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí èkúté bá ń jẹ àgbàdo gbígbẹ nínú àpò, tí àwọn ẹyẹlé sì ń rìn gbàgbàgbà lórí páànù lókè wa. Bàbá àgbà gbé igbá náà súnmọ́ ojú wọn, wọ́n gbé e súnmọ́ ọn títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Wọ́n yí i sí ibi tí oòrùn ti ń wọlé. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Èyí tí o pè ní ìkarùn-ún yẹn, ọwọ́jà rẹ̀ ni."

"Ọwọ́jà rẹ̀ nìyí níwájú. Ẹ̀yìn ni èyí wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrù."

Ẹ̀rín náà kú sí wọn lẹ́nu. Wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ojú ọ̀nà tí wọ́n ti fín, láti ẹsẹ̀ kan dé èkejì. Nígbà tí àtàǹpàkò dé ìkarùn-ún, ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Má sọ fún ìyá rẹ," ni wọ́n wí.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Ọ̀dọ̀ bàbá tó bí ìyá mi ni mò ń gbé ní Ọ̀yọ́, ní agbo ilé kan tí kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán, nítorí pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá mi ti ń ṣiṣẹ́. Igbá fínfín ni iṣẹ́ bàbá àgbà. Iṣẹ́ bàbá wọn ni, òun náà ni iṣẹ́ bàbá bàbá wọn. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti máa ń rẹ igbá tútù sínú omi kí inú rẹ̀ lè jẹrà, òórùn rẹ̀ a sì máa kan bí omi ògì tí wọ́n gbàgbé sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn àlejò máa ń dí imú. Ní tèmi, bí mo bá ti ilé ìwé dé tí n kò gbọ́ òórùn náà, ọkàn mi kì í balẹ̀, mo lè rò pé bàbá àgbà kò sí nílé. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ha inú rẹ̀ kúrò tí wọ́n sì sá a gbẹ, òórùn mìíràn ni yóò máa jáde lára rẹ̀, bíi ti háhá àgbàdo. Bí wọ́n bá wá ń fín in, ìyẹ̀fun funfun yóò bò wọ́n lọ́wọ́ dé ìgúnpá.

Àwọn afíngbá yòókù lágbo ilé wa fẹ́ràn ewé àti ìlà wínníwínní. Ẹranko ni bàbá àgbà fẹ́ràn. Bí wọ́n bá ń fín ẹranko kan, wọn yóò máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ aládùúgbò tó kó lọ sí àdúgbò mìíràn.

"Ṣé o mọ̀ pé àtíòro máa ń ti ìyàwó rẹ̀ mọ́lé?"

"Kí ló ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ó fẹ́ yé ẹyin ni. Yóò wọ inú ihò igi, wọn yóò fi amọ̀ dí ẹnu ọ̀nà, wọn yóò wá ṣẹ́ ojú tóóró kan kù tí ẹnu ẹyẹ lè gbà. Ọkọ ni yóò máa wá oúnjẹ kiri, tí yóò máa gbé e gba ibẹ̀ wọlé fún un lójoojúmọ́, títí àwọn ọmọ yóò fi dàgbà díẹ̀."

"Bí ọkọ bá kú sí ọ̀nà oko ńkọ́?"

Wọ́n ronú sí i. "N kò mọ̀. Èmi náà ti ń ro ìyẹn láti ìgbà èwe mi."

Ẹnu wọn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ojú ọ̀gà, tí a tún ń pè ní agẹmọ, ọ̀kan lè máa wo ọ̀nà oko kí èkejì máa wo ọ̀nà ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ pé ìyá ọ̀nì máa ń fi ẹnu gbé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sínú omi, pé eyín tó ń fọ́ egungun màlúù náà ni kì í ha ọmọ lára. Ìbéèrè kan ló sì máa ń wà lẹ́nu mi: "Ṣé ẹ rí i?" Bàbá àgbà kì í bínú sí ìbéèrè náà. Wọ́n rí ti àtíòro fúnra wọn, nígbà tí wọ́n ń bá bàbá wọn lọ sóko. Ti ọ̀gà, ta ni kò rí i? Ti ọ̀nì, apẹja kan létí odò Ògùn ló sọ fún wọn, wọ́n sì gbà á gbọ́ nítorí pé ọkùnrin náà kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Erin ńkọ́?"

"Erin? Ojú mi kò kan erin rí."

"Bàbá yín ńkọ́?"

"Àwọn náà kò rí i. Bàbá tó bí wọn ló rí i, nígbà tí igbó ṣì jẹ́ igbó. Wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń fín in han bàbá mi, bàbá mi sì fi hàn mí."

Ìyàlẹ́nu ni ìyẹn jẹ́ fún mi, nítorí pé erin ni wọ́n ń fín jù lọ. Àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá béèrè igbá elérin wọn. Ẹranko tí ojú wọn kò rí ni ọwọ́ wọn mọ̀ jù.

Wọ́n fọ́ igbá ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún yẹn, wọ́n sì fi í dáná lọ́jọ́ náà gan-an. Láti ìgbà náà ni mo ti di ojú wọn. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, màá jókòó sí apá ọ̀tún wọn, wọn yóò fín díẹ̀, wọn yóò ní, "Mélòó?" Màá ní, "Ó pé mẹ́rin." Wọn yóò tún máa bá iṣẹ́ lọ. Orí mi kọ́kọ́ wú. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, mo rí i tí wọ́n ń da omi sí ẹ̀gbẹ́ ife, mo rí i tí wọ́n kí olùkọ́ mi ọkùnrin ní "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, màmá." Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí a kò lè sọ fún ìyá mi.

"Ọ̀rẹ́ mi kan gbé ojú lọ fún dókítà," ni wọ́n wí. "Ó rí ọ̀nà lọ, ọ̀pá ló fi wá ọ̀nà bọ̀. Èyí tí mo ní yìí, díẹ̀ ni, Àbẹ̀kẹ́. Mi ò fẹ́ kí díẹ̀ náà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ọ̀bẹ yọ̀, ó sì wọ àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ òsì wọn. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn sórí igbá funfun, ó wọ inú gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ti fín, títí ẹranko náà fi hàn pupa láti orí dé ìrù. Mo bọ́ gèlè tí mo wé sórí, mo fi di ọwọ́ wọn, mo sáré lọ bá aládùúgbò wa tó ní fóònù. Nígbà tí ìyá mi gbé e, gbogbo rẹ̀ ni mo tú sílẹ̀: ẹsẹ̀ márùn-ún, omi ẹ̀gbẹ́ ife, ọ̀rẹ́ tó fi ọ̀pá bọ̀. Ìgbà tí mo yíjú padà ni mo rí i pé bàbá àgbà ti tẹ̀ lé mi, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ti gbọ́.

Wọn kò bá mi wí. Wọ́n kọjú sí ògiri. Fún ọjọ́ méjì gbáko, wọn kò bi mí ní "mélòó" kankan. Ó dùn mí ju pàṣán lọ.

Ìyá mi dé, wọ́n kó àwa méjèèjì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ní Under G, àdúgbò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì, ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, tí wọ́n sì ń ṣe fótòkópì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Inú rẹ̀ máa ń gbóná, gbogbo rẹ̀ a máa rùn bí íǹkì àti epo jẹnẹrétọ̀. Orí bẹ́ǹṣì kan lẹ́nu ọ̀nà ni bàbá àgbà máa ń jókòó sí, bándéèjì lọ́wọ́ òsì, tí wọ́n ń tẹ́tí sí bí ẹ̀rọ ṣe ń pọ ìwé jáde. Ní ilé ìwòsàn tí ìyá mi mú wọn lọ, dókítà ní nǹkan funfun kan ló ti bo ẹyinjú méjèèjì, pé iṣẹ́ abẹ kékeré yóò mú un kúrò, kí a kàn mú ọjọ́.

"Ẹ jẹ́ kí n ro ó," ni bàbá àgbà wí.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, wọ́n ṣì ń ro ó. Ìyá mi bẹ̀bẹ̀. Wọ́n sunkún. Pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọn wá, ó gbàdúrà, ó sì sọ̀rọ̀ ìtùnú. Bàbá àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi, wọ́n ní àdúrà náà yóò gbà, ṣùgbọ́n àwọn kò lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé ìwé ńlá kan wá, ó fẹ́ ṣe fótòkópì àwọn ojú ewé kan níbẹ̀. Ọmọkùnrin gíga kan tí kò sanra ni, ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ló ń kọ́ ní yunifásítì. Bí ó ṣe ṣí ìwé náà, mo pariwo pé, "Erin!"

Bàbá àgbà gbórí sókè. "Níbo?"

"Inú ìwé ni, bàbá," ni akẹ́kọ̀ọ́ náà wí. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó o."

"O ṣeun, ọmọ mi. Erin tó wà níbẹ̀, báwo ló ṣe rí?"

Mo mọ ohùn yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń bá àwọn tó ń ta igbá tútù sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá igbá náà ti gbó. Ọmọkùnrin náà jókòó tì wọ́n.

"Ó tóbi, bàbá. Ó ní eyín gígùn méjì. Àwọn kan máa ń rò pé ìwo ni."

"Ta ló ń rò bẹ́ẹ̀?" Bàbá àgbà bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé o ti gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ìwo erin rí? Eyín erin ni gbogbo wa ń pè é. Egungun mélòó ló wà nínú ọwọ́jà rẹ̀?"

"Kò sí ọ̀kan ṣoṣo, bàbá. Ẹran ni gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀ ó lè fi fa igi tu, ó sì lè fi ṣa ẹ̀pà kan nílẹ̀."

"Ẹ̀pà kan?"

"Ẹyọ kan, bàbá. Ó tún kù. Wọ́n ní erin máa ń kùn, kíkùn kan tó rẹlẹ̀ débi pé etí èèyàn kò lè gbọ́ ọ. Ilẹ̀ ló máa ń gbé e lọ. Àwọn erin tó wà lọ́nà jíjìn yóò wá fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbọ́ ọ."

Bàbá àgbà wo ilẹ̀. Wọ́n bọ́ bàtà wọn, wọ́n gbé àtẹ́lẹsẹ̀ lé sìmẹ́ńtì, wọ́n sì di ojú. A ń wò wọ́n. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

"Òótọ́ ni," ni wọ́n wí nígbà tó yá. "Mò ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ yín."

Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín, ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ yẹn. Bàbá àgbà wá na ìka kan sókè. "Ó ku ọ̀kan. Orúnkún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ń ká sẹ́yìn bíi ti ewúrẹ́, àbí?"

Ọmọkùnrin náà wo ìwé. "Rárá, bàbá. Bíi ti èèyàn ni. Bí erin bá fẹ́ kúnlẹ̀, bí èmi yóò ṣe kúnlẹ̀ ni yóò ṣe kúnlẹ̀."

"Irọ́."

"Àwòrán rẹ̀ wà níbí, bàbá."

"Mo ní irọ́ ni!"

Ìyá mi bẹ akẹ́kọ̀ọ́ náà kó má bínú. Ó ní òun kò bínú, ó gba ìwé rẹ̀, ó sì lọ. Nígbà tó yá, a ti ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí a ń rìn lọ sílé, tí mo di ọwọ́ ọ̀tún bàbá àgbà mú, wọ́n rọra bi mí pé, "Ìwọ rí àwòrán yẹn?"

"Mo rí i."

"Orúnkún yẹn ńkọ́?"

Ó wù mí kí n purọ́. Mo ti tú àṣírí wọn lẹ́ẹ̀kan, n kò fẹ́ tún dá wọn lóró. Ṣùgbọ́n èmi ni ojú wọn. "Bí ọkùnrin yẹn ṣe sọ ọ́ ló rí," ni mo wí.

A rìn díẹ̀ sí i. Ọ̀kadà méjì sáré kọjá lára wa.

"Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti ń fún un ní ẹsẹ̀ ewúrẹ́," ni wọ́n wí. "Rárá o. N kò lè fi ẹnu ọmọdé méjì sọ iṣẹ́ bàbá mi di irọ́. Ojú ara mi ni màá fi rí i. Sọ fún ìyá rẹ kó lọ mú ọjọ́."

Ojú ọ̀tún nìkan ni wọ́n ṣe. Ìyá mi àti èmi jókòó sábẹ́ igi máńgòrò kan nínú ọgbà ilé ìwòsàn, níbi tí òórùn ìsáàlì tí wọ́n fi ń nulẹ̀ ti ń pàdé òórùn ẹ̀wà tí àwọn aláìsàn ń jẹ. Ìyá mi ń gbàdúrà. Èmi kò lè gbàdúrà. Èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ tó gbé wọn dé ibẹ̀. Bí wọ́n bá fi ọ̀pá bọ̀, ọwọ́ mi ni ọ̀pá náà ti wá. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan jókòó sábẹ́ máńgòrò, ó sì ń bi ara rẹ̀ bí òun yóò ṣe máa wo ojú tí kò lè wo òun padà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì tú bándéèjì. Bàbá àgbà jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ṣẹ́jú, omi ń dà lójú náà.

"Bàbá, kí ni ẹ rí?" ni nọ́ọ̀sì bi wọ́n.

Ìyá mi fún mi léjìká mọ́ra títí ó fi dùn mí.

"Orí rẹ̀ pọ́n bí ọsàn," ni bàbá àgbà wí.

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ. A bá ojú wọn lọ sí ojú fèrèsé. Alángbá kan wà níbẹ̀, akọ ńlá kan, ó ń gbé àyà sókè, ó ń gbé e sílẹ̀.

"Ara rẹ̀ dúdú bí aró," ni wọ́n ń bá a lọ. "Ìrù rẹ̀ tún ní àwọ̀ ọsàn láàárín. Ẹ wò ó! Ojoojúmọ́ ni èyí ń rìn lára ògiri mi, mi ò sì rí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ láti ọdún mélòó kan." Wọ́n wá yíjú sí mi. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ rèé. O ti ga. O jọ ìyá mi níwájú orí." Ìyá mi bú sẹ́kún. Bàbá àgbà ní kí wọ́n dákẹ́, pé ẹkún kọ́ ló kàn. "Ìwé yẹn dà?"

Akẹ́kọ̀ọ́ náà ti fi fótòkópì ojú ewé erin sílẹ̀ fún wa lọ́jọ́ yẹn, ìyá mi sì ti tẹ̀ ẹ́ sínú Bíbélì wọn kó má ba à ká. Bàbá àgbà gbé e sí ibi ìmọ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ aláìsàn méjì, ó padà dé, wọ́n ṣì ń wò ó. Ìka wọn ń tọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn náà láti ìdí sọ̀kalẹ̀, ó dé orúnkún, ó tún padà sókè.

"Bíi ti èèyàn ni," ni wọ́n wí ní ohùn pẹ̀lẹ́. "Ẹ wo ẹranko."

Mo bi wọ́n bóyá bàbá wọn ló purọ́ fún wọn nígbà náà.

"Bàbá mi kò purọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn ni wọ́n jẹ́. Ẹni tó rí i nínú wa, bóyá inú koríko gíga ló ti rí i, koríko náà sì bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó délé tó fẹ́ fín in, ó kan ibi tí kò rí. Ewúrẹ́ ló wà ní àgbàlá rẹ̀. Ó wo ewúrẹ́, ó fi dí ibẹ̀."

Ó wù mí kí n sọ pé nígbà tí a padà sí Ọ̀yọ́, gbogbo ènìyàn yìn wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn afíngbá ẹlẹgbẹ́ wọn wá wo erin tuntun náà, ọ̀kan sì ní, "Ẹ ti sọ erin di èèyàn." Àwọn oníbàárà ń béèrè ti àtijọ́. Àwọn kan tilẹ̀ ní iṣẹ́ abẹ ti da ọwọ́ bàbá rú. Ọ̀pọ̀ igbá ló kó jọ sí ara ògiri wa fún oṣù púpọ̀. Bàbá àgbà kò padà sí ti àtijọ́. Wọ́n fín erin tó dúró, wọ́n fín èyí tó ń rìn, wọ́n wá fín ọ̀kan tó kúnlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó ń fi ọwọ́jà ṣa ẹ̀pà ẹyọ kan. Èyí ni wọ́n ní kí ìyá mi gbé fún akẹ́kọ̀ọ́ náà ní Under G, kí wọ́n sì bá àwọn sọ fún un pé àgbà pẹ̀lú máa ń ṣìwí.

Ọdún mẹ́fà ni wọ́n lò sí i. Wọ́n lò ó tán pẹ̀lú ojú kan tó ń ríran dáadáa, tí wọ́n ń fi wo aáyán, tí wọ́n ń fi wo eṣinṣin, tí wọ́n ń pè mí kí n wá wo bí aláǹtakùn ṣe ń pọ òwú láti ìdí ara rẹ̀.

Mo ti di ìyá ọmọ méjì báyìí. Ní ọdún tó kọjá, èmi àti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lọ wo ọgbà ẹranko ńlá kan lápá Òkè Ọya. Ọkùnrin tó ń mú wa kiri ní kí a dúró nínú ọkọ̀, kí a má sọ̀rọ̀. A dúró títí. Àwọn kan ti ń wo fóònù wọn. Mo ṣáà yíjú sí ọ̀tún, mo rí ìyá erin kan tó ti dé ojú ọ̀nà, kò tó ogún ìṣísẹ̀ sí wa, ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, àwọn mẹ́ta mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. N kò gbọ́ kí wọ́n tó dé. Mo tẹ́tí, mo tún tẹ́tí, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹran tó tóbi tó ilé ń kọjá níwájú mi, kò dún tó ológbò. Wọ́n wọ inú igbó kejì, ewé pa dé, ó parí.

Mo pe ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ lórí fóònù láti inú ọkọ̀ yẹn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní, "Ìró ẹsẹ̀ wọn ńkọ́? Ó mi ilẹ̀?"

"Kò ní ìró, Màámi. Kò ní rárá."

Mo mọ ẹni tí àwa méjèèjì ń rò pé ó yẹ kó wà lórí fóònù yẹn kó sì máa bi mí ní ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà kan sọ sí mi lọ́kàn nígbà náà: àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ. Mo ti rò nígbà gbogbo pé àwàdà ni, pé báwo ni ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ yóò ṣe kọjá lójú ẹni ní fìrí. Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé erin lè kọjá ní fìrí lóòótọ́, pé ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ dúró síbì kan, bí mo ṣe dúró, ó sì wò ó dáadáa.